Ìwà Ipá Ń Fi Àpá Sínú Ọpọlọ



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ń rí lóde òní kò jìnnà sí òwe yìí.

Ẹ wo Lapaz ní ìlú Accra, lórílẹ̀-èdè Ghana, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn oníṣòwò ẹ̀bá títì. Bó ti rí ní Òṣòdì náà ló rí níbẹ̀: ariwo ọkọ̀, ìjà lórí èrò, èébú, ẹ̀rù pé wọ́n lè kó ọjà ẹni lọ nígbàkigbà. Ọmọọṣẹ́ tí ọ̀gá ń nà lójúmọ́ kò ṣàjèjì níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún.

Kí ni èyí ń ṣe fún orí? Ibì kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí a ń pè ní amygdala. Òun ni agogo ìdágìrì wa. Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí ló di ìjánu mú, tí ó ń sọ fún agogo náà pé, "Ó tó, kò sí ewu." Àwọn iṣan tín-ín-rín ló so méjèèjì pọ̀. Bí ẹ̀rù kò bá kúrò lọ́rùn ènìyàn, pàápàá láti kékeré, agogo a máa yára dún, ìsopọ̀ náà sì lè yí padà, tí ìbínú àti ìpayà yóò fi ṣòro láti kó níjàánu.

Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ 43 wò. Ogún nínú wọn ti rí ìwà ipá nínú ilé. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán ojú tó ń bínú hàn wọ́n, agogo àwọn 20 yìí dún kíkankíkan ju ti àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ àìsàn ọpọlọ kò sí lára wọn. Irú èyí ni wọ́n ti rí lára àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun bọ̀.

Èyí kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni ègbé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jìyà ló ń rí bẹ́ẹ̀, ọpọlọ sì lè yí sí rere bí ènìyàn bá rí ìfọ̀kànbalẹ̀, alábàárò àti ìtọ́jú. Kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti na ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ lé òṣìṣẹ́ kan nítorí pé "oníjà" ni, kí aṣojú ẹgbẹ́ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ojú ẹni náà ti rí níbi iṣẹ́ àti nílé. Àdéhùn 190 tí àjọ ILO ṣe ní oṣù kẹfà ọdún 2019, tí Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà ní 2022, dá ẹ̀tọ́ ibi iṣẹ́ tí kò ní ìwà ipá mọ̀, ó sì ka ọmọọṣẹ́ àti oníṣẹ́ ara ẹni mọ́ ọn. Ẹ fi í sínú ìdúnàádúrà yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ ju pàṣán sílẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ kò gbọdọ̀ bà á lórí jẹ́.