Ọmọ Rẹ Ń Kọ́ Ẹ̀ṣẹ́ Jíjà: Kí Ni Ìwọ Ń Kọ́ Ọ?

Kíkà: 1 Kọ́ríńtì 9:24–27, 1 Tímótì 4:8

Olùfẹ́ nínú Olúwa, ìwọ tí ń gbé Navy Town ní Ọ̀jọ́, tàbí ní Ìba, tàbí ní Òkòkòmáíkò, o mọ bí òwúrọ̀ ti ń rí ní àdúgbò tí àwọn ológun ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni eré sísá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọkùnrin rẹ bá wá sọ pé òun fẹ́ di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, tí ó ń fo okùn ní àárọ̀, tí ó ń lu àpò iyanrìn ní ìrọ̀lẹ́, kí ni ìwọ yóò sọ fún un?

Àwọn òbí kan yóò ní iṣẹ́ ìpáǹle ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi ẹni tí ń ja ẹ̀ṣẹ́ ṣe àpèjúwe ìgbé ayé onígbàgbọ́. Ọmọ tí ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu, tí kì í mu sìgá, tí ń gbọ́ràn sí olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu, ó ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wa nínú ìjọ kò tíì kọ́.

Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ rántí Richard Ihetu, tí ayé mọ̀ sí Dick Tiger. Ó gba oyè àgbáyé ní 1962. Ní 1963 ó bá Gene Fullmer jà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, ó sì borí. Ní 1966 ó tún gba oyè mìíràn. Síbẹ̀, ní 1971, iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni ó ń ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ní ọdún yẹn kan náà ni àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pa á ní Abá, ọmọ ọdún 42 péré. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ kì í ṣe ìtìjú. Ohun tí mo ń wí ni pé ìgbànú oyè kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ rántí Nojim Maiyegun pẹ̀lú, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì, ní Tokyo ní 1964. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí ó tó kú ní 2024, ní ilẹ̀ Austria. Ìgbà wo ni a gbàdúrà fún un nínú ìjọ wa?

Ọ̀rọ̀ orí náà wà níbẹ̀. Láti 1928 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Martland, ti kọ̀wé nípa ibi tí ẹ̀ṣẹ́ léraléra ń ṣe fún ọpọlọ. Akoto tí wọ́n ń dé sórí lè dín ọgbẹ́ ojú kù, ṣùgbọ́n kò lè dá ọpọlọ dúró kí ó má mì.

Nítorí náà, ìwọ òbí, bi ara rẹ léèrè: ẹ̀bùn ọmọ yìí ni mo ń tọ́, àbí àìní mi ni mo fẹ́ kí ó fi orí rẹ̀ san? Bí ẹ̀bùn ni, má ṣe jẹ́ kí ó pa ilé ìwé tì. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ó bá gba ẹ̀ṣẹ́ tí orí rẹ̀ dàrú, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Má ṣe jẹ́ kí ó padà sí ìdánrawò ní ọjọ́ kejì. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá ń yára gbé e síwájú ẹni tí ó jù ú lọ nítorí owó, mú ọmọ rẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin alàgbà àti olùdarí ìjọ, bí ọmọ yìí bá jáwé olúborí, ẹ ó pè é síwájú pẹpẹ. Bí ó bá fìdí rẹmi ńkọ́? Ẹ mọ ilé rẹ̀ nísinsìnyí, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ ìṣẹ́gun nìkan ni ó ní ìjọ.

Eré ìdárayá ní èrè díẹ̀, Tímótì gbọ́ èyí láti ẹnu Pọ́ọ̀lù. Ìwà-bí-Ọlọ́run ni èrè rẹ̀ kò lópin. Kí Olúwa ṣọ́ orí àwọn ọmọ wa, kí ó sì ṣọ́ ọkàn wọn. Àmín.