Ẹ̀sùn Mi sí Àwọn Tó Ń Fi Irun Ìkókó Wá Àlẹ́jì

Àwọn tí mo fẹ̀sùn kàn kì í ṣe dókítà. Ọlọ́jà ni wọ́n. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìsọ̀ wọn wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kí ìyá gé irun díẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀, kó fi sínú àpòòwé, kó sanwó, kó fi ránṣẹ́, wọ́n á sì sọ oúnjẹ tí ara ọmọ náà kò gbà fún un. Àwọn ẹgbẹ́ wọn mìíràn ń gba ẹ̀jẹ̀ kíún láti ẹnu ìka. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń họra mọ́jú, kí ni kò ní sanwó fún? Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú un.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n ń wá nǹkan níbi tí kò sí. Àlẹ́jì tó máa ń mú ètè ọmọ wú, tí ara rẹ̀ á sú kó tó jẹun tán, èròjà kan tó ń jẹ́ IgE ló wà nídìí rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ tàbí lára awọ ni wọ́n ti ń wá a. Kí ló kan irun? Láti ọdún 2011 ni NICE, àjọ tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní England, ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera má ṣe fi irun yẹ àlẹ́jì oúnjẹ ọmọdé wò. Ọjà náà ṣì wà lórí àtẹ.

Ẹ̀sùn kejì kan àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀, nítorí tiwọn jọ òótọ́. IgG ni wọ́n ń wò, kì í ṣe IgE. Bẹ́ẹ̀ IgG jẹ́ ohun tí ara máa ń pèsè sí oúnjẹ tó ti mọ̀. Èsì á dé lórí ìwé dídán: pupa fún oúnjẹ tí wọ́n ní ara kọ̀, yẹ́lò fún èyí tó wà láàárín, àwọ̀ ewé fún èyí tí wọ́n ní kò léwu. Ìyá tó ń po mílíìkì mọ́ ògì ọmọ lójoojúmọ́ lè bá mílíìkì nínú pupa, kí ẹyin náà wà níbẹ̀, kí ẹ̀rù sì bà á. Ohun tó ń bẹ nínú ìkòkò rẹ̀ ni wọ́n ròyìn fún un, tí wọ́n sì gbowó lé e.

Ẹ̀sùn kẹta ló wúwo jù lójú mi: wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Mílíìkì lọ, ẹyin lọ, ẹja lọ, ẹ̀pà lọ, láìsí dókítà tó ń wọn ọmọ náà lórí ìwọ̀n. Yàtọ̀ sí pé ó lè rù, yíyẹra fún oúnjẹ lè bí àlẹ́jì gan-an. Ní 2008, ikọ̀ dókítà àlẹ́jì Gideon Lack ní London fi àwọn ọmọ Júù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé ti Ísírẹ́lì, níbi tí ìkókó ti ń tètè jẹ ìpanu ẹ̀pà. Àlẹ́jì ẹ̀pà fi bí ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ lára àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì ju ti Ísírẹ́lì lọ. Wọ́n wá kó ìkókó 640 tí ara yíyún wọn le tàbí tí ara wọn kọ ẹyin, wọ́n ní kí apá kan máa jẹ ẹ̀pà, kí apá kejì má fẹnu kàn án títí wọ́n á fi pé ọmọ ọdún 5. Èsì jáde ní 2015. Nínú àwọn tí awọ wọn ò kọ ẹ̀pà níbẹ̀rẹ̀, ìdá 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àlẹ́jì láàárín àwọn tó yẹra fún un. Láàárín àwọn tó jẹ ẹ́, ìdá 1.9. (Ẹ̀pà lílọ̀ kúnná ni o. Odidi ẹ̀pà lè há ọmọ lọ́fun. Ọmọ tí ara yíyún rẹ̀ bá sì le, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.)

Ẹ̀kẹrin ò gba àlàyé púpọ̀: ìwé kan náà lè fi ẹ̀pà sábẹ́ àwọ̀ ewé fún ọmọ tí ẹ̀pà lè pa.

Mo mọ àwáwí wọn. Wọ́n á ní, ṣebí àwọn dókítà náà ti ṣìnà rí. Òótọ́ ni. Ní 1998 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ìdílé tí àlẹ́jì wà má fún ọmọ lẹ́pà kó tó pé ọdún 3, Amẹ́ríkà náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 2000. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ní 2008, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2009. Ìgbà wo ni àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí yí tiwọn padà?

Ilé ìwòsàn náà ní tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá ń fi awọ yẹ àlẹ́jì wò, wọ́n á kán omi oúnjẹ sí ọmọ lápá tàbí lẹ́yìn, wọ́n á gún ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Lára ọmọ dúdú, pípọ́n ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Wíwú rẹ̀ ni kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ wá, kó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bó bá fi mìlímítà 3 ju ibi tí wọ́n kán omi lásán sí lọ, ó ti mú nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá pupa nìkan á dá ìyá wa padà sílé pé kò sí nǹkan. Àwọn kan tún ń yẹ ogún oúnjẹ wò lẹ́ẹ̀kan náà láìbéèrè ohun tí ọmọ jẹ, bẹ́ẹ̀ awọ lè wú sí oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ láìsí wàhálà. Bí iyèméjì bá wà, kí wọ́n fún ọmọ ní oúnjẹ náà jẹ díẹ̀díẹ̀ lójú dókítà.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùjẹ́jọ́ kò pọ̀. Kí wọ́n yéé ta irun àti IgG fún ìyá ìkókó. Bí wọ́n bá kọ̀, gbólóhùn tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-rín kọ sẹ́yìn páálí, pé èyí kì í ṣe àyẹ̀wò àlẹ́jì, kí wọ́n gbé e wá síwájú, kó tóbi tó orúkọ wọn.