Ìlà Wíwọ́ Orí Ilẹ̀kùn Wa

Orí ilẹ̀kùn ilé wa ní Alákíà ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lókè òrùlé nítorí pé pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Bàbá àgbà mi ni ó kọ́ ilé náà. Lókè ilẹ̀kùn àbáwọlé, ó fi símẹ́ńtì mọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yọ síta lára ògiri báyìí: ÕTỌ LERE L'AIYE 1961.

Láti kékeré ni mo ti ń kọjá lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì, tí mo ń kọ́ nípa èdè Yorùbá, ni ojú rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé "òótọ́" ni ó yẹ kí a kọ, pé "láyé" ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn, àti pé àmì ohùn kò sí lórí ẹyọ kan nínú wọn. Bí ọ̀rẹ́ kan bá bá mi délé, mo máa ń yára wọlé kí ó má baà gbé ojú sókè.

Ní oṣù tó kọjá, a fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọdún 85 fún ìyá àgbà, a sì pe pẹ́ńtà wá kí ó kun ilé. Ó gun àkàbà, ó wo òkè ilẹ̀kùn, ó ké sí mi pé, "Àǹtí, ògiri yín ti sán lórí O yìí o. Ṣé kí n dí i?" Ìlà wíwọ́ tí ó wà lórí Õ ni ó pè ní sísán. Kí n tó fèsì, àbúrò bàbá mi ti dá sí i pé, "Ìwọ tí o kàwé Yorùbá gboyè, ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyí. Kọ èyí tí ó tọ́ fún un." Inú mi dùn. Mo ya ìwé, mo kọ ÒÓTỌ́ LÉRÈ LÁYÉ sí i, mo fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, mo nà án sí pẹ́ńtà, mo sì ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìyá àgbà kò mọ̀wé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wá. Nígbà tí ó gbọ́ ìró irin lára ògiri, ó béèrè ohun tí à ń ṣe. Mo ní, "Màmá, àṣìṣe tó wà nínú ohun tí Bàbá kọ ni a fẹ́ tún ṣe."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni ọkọ mi ti kọ́ ìwé, lẹ́yìn tí ó bá ti oko dé. Nígbà tí bíríkìlà parí iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó gun àga tí ó fi símẹ́ńtì tútù kọ ọ́. Èmi ni mo di àga mú. Ohun tí tíṣà kọ́ ọ ni ó kọ. Ta ni ó wá sọ ọ́ di àṣìṣe?"

Èmi tí mo gboyè, n kò rí èsì fọ̀, bẹ́ẹ̀ èsì náà wà nínú ìwé tí mo kà.

Ìlà wíwọ́ yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Nínú àkọtọ́ àtijọ́, òun ni ó ń fi hàn pé fáwẹ́lì méjì ni ó tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀. Ibi tí a ti ń kọ "oòrùn" lónìí, "õrùn" ni wọ́n ń kọ. Ibi tí a ti ń kọ "dáadáa", "dãdã" ni tiwọn. Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì àtijọ́ yóò rí "nitõtọ" níbẹ̀ láìmọye ìgbà. "Aiye" ni wọ́n ń kọ fún ayé, "enia" fún ènìyàn. Àmì kékeré tí ó tẹ̀lé L nínú L'AIYE sì ń sọ fún òǹkàwé pé a ti pa fáwẹ́lì kan jẹ níbẹ̀. Àmì ohùn kì í sì í pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìgbà náà.

Ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní 1875, àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì fẹnu kò lé lórí ni ó darí ìwé kíkọ wa fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde. Ní 1966, ìjọba ìwọ̀-oòrùn yan ìgbìmọ̀ láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Bàbá àgbà mi kọ tirẹ̀ ní 1961, ọdún márùn-ún gbáko ṣáájú kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Ó kọ ọ́ bí ó ṣe tọ́ ní ọdún tí ó kọ ọ́.

Ohun mìíràn tún wá sí mi lọ́kàn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kà nípa àwọn pátákó tí ó wà lókè ẹnubodè àafin ọba ilẹ̀ Ṣáínà ní Beijing, àafin tí wọ́n kọ́ parí ní 1420. Àmì kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń kọ "ẹnubodè"; "mén" ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ iléèwé bá ń kọ ọ́, ìlà apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ tẹ̀ sókè nísàlẹ̀ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja. Lórí ọ̀pọ̀ pátákó àafin náà, ìwọ̀ yìí kò sí. Gbọọrọ ni ìlà náà sọ̀kalẹ̀. Ìtàn tí àwọn ènìyàn ń sọ ni pé ìwọ̀ náà a máa fa iná wọ àafin. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀nà ìkọ̀wé wọn sì sọ pé ọ̀nà méjèèjì ni àwọn ọ̀gá àtijọ́ ń gbà kọ ọ́. Ní Chengde, ọba Kangxi, tí ó wà lórí oyè láti 1661 sí 1722, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àafin tí ó ń sá lọ nígbà ooru. Nínú àmì àkọ́kọ́, ìlà kan lé ju iye tí ìwé ẹ̀kọ́ kà lọ. Ìlà náà wà lókè ẹnubodè títí di òní. Àwọn tí ó ń bẹ ibẹ̀ wò a máa fi ìka tọ́ka sí i.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti èdè Manchu. Ìran Manchu ni àwọn ọba Ṣáínà ìkẹyìn, oríṣi ìkọ̀wé méjì ni ó sì máa ń wà lórí pátákó àafin Beijing: ti Ṣáínà àti ti Manchu. Nígbà tí ìjọba ọba wó ní 1912, wọ́n yọ ti Manchu kúrò lórí àwọn pátákó apá ìta. Ní apá inú, níbi tí Puyi, ọba ìkẹyìn, ṣì ń gbé títí di 1924, méjèèjì ṣì wà. Ẹni tí ó bá rìn káàkiri ibẹ̀ lónìí lè fi ojú lásán mọ ibi tí ọwọ́ ìjọba tuntun dé àti ibi tí kò dé. Ohun tí a fá lára ògiri náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fá a ni ó ń sọ nípa rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé gbogbo ìkọ̀wé tí ó bá ṣàjèjì ni kí a fi sílẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, a ń rí Oshogbo, Ilesha, Shaki, Offa àti Ebute Metta lórí pátákó. "Sh" gba ipò "ṣ", F di méjì, T di méjì, bẹ́ẹ̀ ní èdè wa kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀lé ara wọn. Àwọn tí ó kọ orúkọ ìlú wa fún ojú Òyìnbó ni ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ó bá wà lára ògiri àtijọ́, ìtàn ni. Ẹ jẹ́ kí ó wà. Ṣùgbọ́n pátákó tí a kọ lánàá ńkọ́? Bí a bá kọ OWO lásán, ṣé ìlú Ọ̀wọ̀ ni, àbí owó, àbí òwò, àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Ní agbègbè wa yìí, láti Ẹgbẹ́dá dé Lágelú, tí oko ń di ilé lójoojúmọ́, ẹ ó rí i lára ògiri pé ILE YI KI SE TITA. Ṣé ilé ni kì í ṣe títà ni, àbí ilẹ̀? Ẹni tí ó ti ra ilẹ̀ tí ó ní arinjọ́ kò ní fi ìbéèrè yìí ṣeré.

Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyí. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ bàbá àgbà mi ni ó fi sórí ògiri, títí kan àmì abẹ́ Ọ, tí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣe. Àwa tí wọ́n kọ́ ní àmì abẹ́ àti àmì orí ni a ń fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ń kán wa. Nínú wa, ta ni ó yẹ kí ojú tì?

Mo sáré jáde, mo ní kí pẹ́ńtà dúró. Ó ti fi símẹ́ńtì funfun dí ìdajì ìlà wíwọ́ náà. Ó fẹ́ fá a kúrò, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì àtijọ́ ti ń bọ́ tẹ̀ lé e, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Òun béèrè kí ó tó ṣe é. Ó fi ọ̀dà dúdú kun àwọn lẹ́tà náà, ó fi ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ kun ìyókù ògiri. Ìyá àgbà gbójú sókè wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì mọ̀ ọ́n."

Bébà tí mo kọ kò ṣòfò. Mo fún káfíńtà, ó gbẹ́ ÒÓTỌ́ LÉRÈ LÁYÉ sára pákó kékeré kan, a sì kàn án mọ́ ẹnu géètì. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn ọmọdé ń béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi wà lọ́nà méjì. Mo sọ fún wọn. Mo sọ ti ìdajì tí ó sọnù náà fún wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kun ilé àgbà, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ohun tí ó wà lára ògiri, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó kọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó di àga mú. Bí ẹ bá sì ń ṣe pátákó tuntun, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ má sì sanwó tán kí ẹ tó kà wọ́n pé.

Kí ni ó wà lókè ilẹ̀kùn tiyín? Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.