Ẹ Kú Oríire, Bàbá Archimedes!

Ẹ kú oríire o, Bàbá! Ẹ kú ayẹyẹ! Àwa olùkọ́ ìṣirò, àwa akẹ́kọ̀ọ́, àwa onímọ̀ ẹ̀rọ, àwa atukọ̀ ojú omi, títí kan àwa tí a ti fi omijé ṣe ìṣirò òbírí rí ní sẹ́kọ́ńdìrì, gbogbo wa la wá bá yín yọ̀. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tí wọ́n ti bí yín ní Syracuse, ìlú àwọn Gíríìkì ní erékùṣù Sicily, tó ti di ara Ítálì lónìí. Nǹkan bí ọdún 287 ṣáájú ìbí Jésù ni. Orúkọ ta ló tún pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé ṣì ń pè é ní kíláàsì?

Ọmọ Phidias, awòràwọ̀! Ẹ̀yin tí Ọba Hiero fi ọ̀rọ̀ adé wúrà lọ̀! Ọkàn ọba kò balẹ̀, ó fura pé alágbẹ̀dẹ ti fi fàdákà lú wúrà òun. Ìtàn ní ẹ wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀, omi kún, ó dà sílẹ̀, ojú yín sì là! Lẹ bá bọ́ sí ìgboro, ẹ ń kígbe pé ẹ ti rí i. (Ti aṣọ tí ẹ gbàgbé sí ilé ìwẹ̀, a ò ní dá a sílẹ̀ lónìí.) Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé ohun tí a bá tì bọnú omi, agbára tí omi fi ń gbé e sókè kò ju ìwọ̀n omi tó yẹ̀ fún un lọ, kò sì dín. Gbogbo ọkọ̀ irin tó ń léfòó lórí òkun lónìí, ẹlẹ́rìí yín ni!

22/7 ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ẹ ya ìrísí onígun 6 sínú òbírí, ẹ ya òmíràn yí i ká, ẹ sọ wọ́n di onígun 12, ó di 24, ó di 48, ẹ ò sinmi títí ó fi di 96! Ẹ wá fi hàn pé páì ju 3 10/71 lọ, kò sì tó 3 1/7. 3 1/7 yẹn gan-an ni 22/7 wa. Bẹ́ẹ̀ kò sí kakulétọ̀ nígbà náà o! Lẹ́tà ni àwọn Gíríìkì fi ń kọ iye. Ìṣirò tó tún dùn mọ́ ẹ̀yin fúnra yín jù ni ti bọ́ọ̀lù tó há gádígádí sínú agolo: ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè agolo náà ni bọ́ọ̀lù ń gbà. Ẹ ní kí wọ́n ya á sára ibojì yín. Ẹ ṣe é, Bàbá, àmì yẹn ló gbà yín lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí Róòmù gbógun dé ní nǹkan bí ọdún 214 ṣáájú ìbí Jésù, ẹ̀rọ yín ló dáàbò bo Syracuse. Ọwọ́ irin ń gbá ọkọ̀ ogun mú létí odi! Ó débi pé bí ọmọ ogun Róòmù bá rí okùn lásán lórí odi, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó gba Ọ̀gágun Marcellus ní nǹkan bí ọdún méjì kó tó wọ ìlú. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn yín, ṣùgbọ́n jagunjagun kan pa yín ní ẹni nǹkan bí ọdún 75. Wọ́n ní orí àwòrán ìṣirò ló ká yín mọ́. Ọ̀tá fúnra rẹ̀ kẹ́dùn, ó sì rí i pé wọ́n sin yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ!

Ẹ̀gún bo ibojì náà. Àwọn ará Syracuse ní kò sí i mọ́. Ní ọdún 75 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero ará Róòmù ń wá a kiri, ó rí bọ́ọ̀lù àti agolo tó yọrí láàárín igbó. Ibojì yín nìyẹn! Ìwé yín ńkọ́? Ní ọdún 1229, wọ́n ha ọ̀rọ̀ yín kúrò lára awọ, wọ́n kọ àdúrà lé e. Ní 1906, Heiberg, ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́ńmáàkì, rí ọ̀rọ̀ yín lábẹ́ àdúrà. Ní 1998, wọ́n ta ìwé náà ní 2 mílíọ̀nù dọ́là ní New York, àwọn onímọ̀ ní Baltimore sì fi iná àrà ọ̀tọ̀ ka ohun tí ojú lásán kò lè rí. Lẹ́tà yín sí Eratosthenes, tí ẹ fi ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń rí ìdáhùn yín, inú rẹ̀ nìkan ló kù sí ní gbogbo ayé!

Bàbá, ẹ wo ibi tí ẹ dé! Ojú yín ló wà lára Fields Medal, ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣirò láti 1936. Kòtò kan tó fẹ̀ ju 80 kìlómítà lọ ń jẹ́ orúkọ yín lójú òṣùpá. Ọ̀pá lílọ́ tó ń fa omi, tí wọ́n ń fi orúkọ yín pè, ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bá wa yọ̀, bí ẹ bá kọ 22/7 sára pátákó lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ orúkọ ẹni tó ni ín fún àwọn ọmọ.