Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Panápaná

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Bí wọ́n bá pa òwe yìí, arọ ni gbogbo ojú máa ń wò: ṣé ó tètè gbéra, ṣé ó tètè wá ibi forí pamọ́ sí? Bẹ́ẹ̀, kí ogun tó lè di àgbọ́tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ti ní láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ yẹn ni òwe náà ń bá wí jù, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn panápaná ìlú kéékèèké ní Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí i.

Lọ́hùn-ún, ó ju ìdajì àwọn panápaná lọ tí kì í gbowó oṣù. Mẹkáníìkì ni wọ́n, àgbẹ̀, olùkọ́, oníṣòwò. Bí ẹ̀rọ ìpè tó wà ní ìbàdí bá ké, wọ́n á ju iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á forí lé ilé tí ọkọ̀ panápaná wà. Wọ́n ti ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò iṣẹ́ mọ́ bàtà de irú ìgbà bẹ́ẹ̀; kí wọ́n ṣáà ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, kí wọ́n fa ṣòkòtò gòkè, ó parí. Wọ́n ń pa iná, wọ́n ń yọ èèyàn nínú mọ́tò tó forí sọ igi, wọ́n ń sáré lọ bá ẹni tí àyà ń dùn, wọ́n tún ń wá ẹni tí àgbàrá gbé lọ. Gbogbo èyí, ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ́ ọ.

Ìlú kékeré kan ni West, ní Texas, nítòsí Waco. Àwọn ará ibẹ̀ kò pé 3,000. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2013, iná sọ ní ilé ìtajà ajílẹ̀ kan níbẹ̀. Àwọn panápaná ìlú náà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò jáfara. Àwọn kan láti ìlú ìtòsí wà ní kíláàsì ìtọ́jú pàjáwìrì ní West lọ́jọ́ náà. Àwọn náà dìde, wọ́n lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ilé náà, pákó náà ni wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n da ajílẹ̀ tó ń jẹ́ ammonium nitrate sí. Nígbà tó máa fi tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú tí ìpè ti dún, ajílẹ̀ náà bú gbàmù. Èèyàn 15 kú, 12 nínú wọn ló lọ kojú iná. Àwọn tó fara pa lé ní 260.

Ní 2016, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí ìjàǹbá kẹ́míkà gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde. Àwọn panápaná mọ̀ pé ajílẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn pé iná lè mú un bú bí àdó olóró. Kò sí ètò àṣẹ tó fìdí múlẹ̀ níbi iná náà, ìyẹn ni pé kò sí ọ̀gá kan tó dúró lókèèrè, tó ń wo gbogbo rẹ̀, tó lè ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Òfin Texas kò sì sọ ọ́ di dandan pé kí panápaná tí kì í gbowó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn òkú wọ̀nyí ní aláìgbọ́n. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni.

Ohun tó dunni jù ni pé ogun yìí ti jà rí. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1947, ní Texas kan náà, ọkọ̀ òkun Grandcamp tó ru ammonium nitrate gbiná ní èbúté Texas City, ó sì bú. Panápaná 28 ni ìlú náà ní, 27 kú. Ọdún 66 àti ọjọ́ kan ló wà láàárín ọjọ́ yẹn àti ti West, síbẹ̀ ìròyìn náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀. Ó dé ibòmíràn o. Ní 2009, ilé ajílẹ̀ kan gbiná ní Bryan, ní Texas yìí náà. Àwọn panápaná ibẹ̀ mọ ohun tó ń jó, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n jẹ́ kó jó tán, wọ́n sì ní kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aráàlú kúrò nílé. Kò bú.

Ibi tí iṣẹ́ ọ̀gá panápaná wà nìyẹn. Kí iná tó sọ, òun ló yẹ kó rìn dé ilé ìkẹ́rù, kó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, kó wo ibi tí omi wà, kó sì fi kọ́ ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn lóṣù tó kọjá. Láti 1986 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ilé iṣẹ́ tó ń kó kẹ́míkà eléwu jọ fún panápaná àdúgbò ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àfi kí ọ̀gá sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò. Òun náà ló gbọ́dọ̀ ní ìgboyà láti pàṣẹ pé "ẹ padà sẹ́yìn" nílùú tí gbogbo wọn ti mọ ẹni tó ni ilé tó ń jó.

Ní 2015, Texas ṣòfin tó fún àwọn alámòójútó ọ̀rọ̀ iná láṣẹ láti wọ ibi tí wọ́n ń kó ammonium nitrate sí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní irú ìlú wọ̀nyí, bí ìpàdé ìnáwó ìlú bá dé, tí wọ́n bá fẹ́ gé owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ panápaná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n kó sí ilé ìkẹ́rù tó wà nítòsí ilé ìwé àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ti sọ fún àwọn panápaná.