Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìpamọ́ Yín Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ Olúyọ̀lé, ará Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, láti Bẹẹrẹ dé Òkè Mápó, láti Ọjàaba dé Bẹ́yẹrúnká, ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin tí ẹ dá ilé ìwòsàn tàbí ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń kọ orúkọ ará ìlú sílẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni a ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Ìwé àkọsílẹ̀ yín tí ì bá kún Gbọ̀ngàn Mápó fọ́fọ́, bí ó ti fẹ̀ tó, ti di ohun tí a ń fi wáyà rán lọ sí ọ̀nà jíjìn, níbi tí ojú ẹni tí ó ni ín kò tó.

Ilé ìpamọ́ ìsọfúnni ni ibi tí ó ń lọ. Rack Centre, tí í ṣe ọ̀kan nínú wọn, ti wà ní Ọ̀rẹ́gùn ní Èkó láti ọdún 2013. Galaxy Backbone tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ní Àbújá àti ní Kánò. Ìdí tí a fi ń fi ẹrù sí ju ojú kan lọ kò ṣòro: bí iná bá jó ọ̀kan, èkejì yóò dúró. Inú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí a ń pè ní sáfà wà, ṣùgbọ́n lóde òní sáfà kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà aláìlára sínú, àwọn tí kò ní irin tiwọn, tí oníkálukú sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ojúlé ìṣàkóso kan lórí kọ̀ǹpútà ni a ti ń dá wọn, tí a ti ń ṣí wọn nípò láti Èkó lọ sí Àbújá, tí a sì ti ń pa wọ́n rẹ́. Ibẹ̀ ni ewu wà. Olè àtijọ́ ní láti fọ́ ilẹ̀kùn kí ó tó ru ẹrù. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ojúlé yìí kò ní dìde lórí àga tí yóò fi ba ẹrù ìlú mẹ́ta jẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2011, ọkùnrin kan tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Shionogi, ilé-iṣẹ́ apòògùn ní Amẹ́ríkà, jókòó sí ilé oúnjẹ McDonald's kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó gba íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ wọ ojúlé ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà, ó sì pa sáfà aláìlára 88 rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò lè kó oògùn ránṣẹ́, àdánù náà sì ju 800,000 dọ́là lọ. Káàdì báǹkì tí ó fi ra nǹkan níbẹ̀ ni wọ́n fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 41. Ẹni tí ó bá bú u kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ta ni ó jẹ́ kí ọ̀nà ṣì là fún un lẹ́yìn tí ó ti kúrò? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti pípín agbára kí ó má pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ni ará Ìbàdàn fẹ́ lọ kọ́ lẹ́yìn odi? Láti Mọ́gàjí ni a ti ń gun àkàbà oyè dé Jagun, láti Jagun dé Àjíà, láti Àjíà dé Bàdá, títí ẹsẹ̀ yóò fi kan òkè. Ọ̀nà méjì ni, ti Ọ̀tún Olúbàdàn àti ti Balógun, ẹnì kan kì í sì í gun méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá sì gòkè kì í gbé oyè ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ètò ilé ìpamọ́ rí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tan ẹ̀rọ kí ó sì máa pa á lọ, kí agbára rẹ̀ mọ níbẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ́jú ti Èkó, kí ọwọ́ rẹ̀ má tó ti Kánò. Ẹni tí a gbé lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ọjọ́ tí ó bá gba àṣẹ tuntun ni kí a gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀dà tí a fi pamọ́ de ọjọ́ àjálù kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń ṣàkóso ojúlé, pípa ẹ̀dà rẹ́ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹni méjì, nítorí ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ohun tí ó ń bí mi nínú jù ni àṣà kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lo orúkọ kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì wà lára ògiri lórí bébà. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ta ni a fẹ́ mú? Kí oníkálukú máa fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, kí ó fi nọ́ńbà tí fóònù rẹ̀ ń mú jáde ti ọ̀rọ̀ aṣínà lẹ́yìn, kí àkọsílẹ̀ ohun tí ó ṣe sì máa lọ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dé. Kí ẹnì kan máa ka àkọsílẹ̀ náà pẹ̀lú: àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Síbẹ̀, orúkọ kan tí ó lè ṣe ohun gbogbo yóò wà fún ọjọ́ tí lìǹkì láàrin ìlú àti ìlú bá já. Kí a di ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú àpòòwé, kí a tì í mọ́ sééfù, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìlò.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rọ olówó gọbọi yóò ṣe ètò yìí fún yín. Ní oṣù keje ọdún 2024, Microsoft kéde àlàfo kan tí àwọn ọ̀daràn ń lò nínú ESXi, ètò VMware tí ń gbé kọ̀ǹpútà aláìlára ró: níbi tí a bá ti so ó mọ́ ìwé orúkọ òṣìṣẹ́, ẹni tí ó bá lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú ìwé náà, tí ó sì pe ẹgbẹ́ ọ̀hún ní ESX Admins, gbogbo àṣẹ ni ó ń bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà náà. Orúkọ lásán di oyè.

Kò sí ẹni tí yóò fi jíjìnnà Èkó ṣe àwáwí. Òfin ààbò ìsọfúnni tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 kò dá ẹni tí ó gba orúkọ ará ìlú sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ gbé e fún ẹlòmíràn tọ́jú. Bí jàǹbá tí ó lè pa ará ìlú lára bá ṣẹlẹ̀ sí ìsọfúnni náà, wákàtí 72 ni ó ní láti fi tó àjọ ìjọba tí ń mójú tó òfin náà létí. Nítorí náà, ẹ pe ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ní kí ó ka orúkọ gbogbo ẹni tí ó lè wọ ojúlé ìṣàkóso ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ iṣẹ́ tí oníkálukú ń fi ṣe. Orúkọ tí kò bá ní iṣẹ́ nídìí, ẹ jẹ́ kí ó yọ ọ́ kí ó tó kúrò níwájú yín.