Kí Ni Ó Wà Nínú Èèpo Igi Náà?

Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí a ya ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń lo èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní houpo fún inú wíwú àti oúnjẹ tí kò dà. Ẹni tí ń bó èèpo yìí kì í kánjú: igi náà a tó ọmọ ọdún 15 sí 20 kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bí ó bá gbẹ, a ká jọ bí ẹní, a sì máa ta sánsán. Wọn a tún fi omi atalẹ̀ rin ín, wọn a yan án, kí ó má baà máa ta ọ̀fun.

Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì tí ó fẹ́ mọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a rẹ ẹ́ sínú sípírítì, nítorí ohun tí wọ́n ń wá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò nínú omi. Wọn a sẹ́ ẹ, wọn a jẹ́ kí sípírítì náà fà lọ. Ìyókù tí ó lẹ̀ bí ọ̀dà ni wọ́n ń dà sórí ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n kó ìyẹ̀fun funfun kan, sílíkà, kún. Bí wọ́n ti ń da omi kẹ́míkà lé e, èròjà kọ̀ọ̀kan a máa sọ̀ kalẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ, wọn a sì gbà á sínú ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí tàdáwà dúdú ti ń pín sí àwọ̀ púpọ̀ lára aṣọ funfun tí omi kàn ti rí irú rẹ̀. Èròjà méjì tí ó lókìkí jù nínú houpo ni magnolol àti honokiol. Ìbejì ni wọ́n: iye átọ̀mù kan náà ni wọ́n ní, ibi tí díẹ̀ nínú wọn jókòó sí ni ó yà wọ́n.

Ẹ ó ní, kí ni èyí kan ìyàwó ilé? Ní Brussels, olú ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọdún 1990, ilé ìtọ́jú kan ń fi ìyẹ̀fun houpo àti ti gbòǹgbò kan, fangji, sínú oògùn tí àwọn obìnrin ń lò láti dín sísanra kù. Kò pẹ́ tí kíndìnrín àwọn obìnrin tí kò tíì dàgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Ní 1993 ni àwọn oníṣègùn kéde rẹ̀. Nígbà tí yóò fi rọlẹ̀, àwọn tí ó kàn ti ju 100 lọ. Ẹ̀rọ ni ó ń bá ọ̀pọ̀ wọn fọ ẹ̀jẹ̀; àrùn jẹjẹrẹ sì tún yọ lára àwọn kan lẹ́yìn náà.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti houpo. Nígbà tí wọ́n yọ èròjà inú ìyẹ̀fun tí a pè ní fangji sọ́tọ̀, wọ́n bá aristolochic acid, májèlé tí kì í sí nínú fangji rárá. Gbòǹgbò mìíràn, guang fangji, ni wọ́n ti tà dípò rẹ̀. Orúkọ ni ó jọra!

Ìwé ìlànà oògùn ilẹ̀ Ṣáínà là á sílẹ̀ pé magnolol àti honokiol inú houpo kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú 100. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá gbé ìyẹ̀fun tí ń dín ara kù wọlé yín, ẹ bi í pé ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé kí ni onítọ̀hún bá nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ti ń lo irú rẹ̀, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó mú pali rẹ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò.